Ebi Kò Pa Á, Síbẹ̀ Ó Gbọ́dọ̀ Jẹun

Ní oṣù Kẹta ọdún 1913, ní ìlú New York, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Franz Torek la àyà obìnrin ẹni ọdún 67 kan, ó sì gé ibi tí jẹjẹrẹ ti gbà lára ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kúrò. Àwọn mìíràn ti gbìyànjú irú rẹ̀ ṣáájú, àwọn aláìsàn wọn kò yè é. Obìnrin yìí yè é. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí oúnjẹ yóò gbà dé ikùn kò sí mọ́. Torek bá yọ orí ọ̀nà ọ̀fun tó ṣẹ́kù síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, ó dá ihò sí ikùn, ó sì fi rọ́bà kan so méjèèjì pọ̀ lóde ara. Bí obìnrin náà bá ti jẹun, inú rọ́bà yìí ni oúnjẹ ń gbà kọjá lórí àyà rẹ̀ wọ inú ikùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lo ohun tó lé ní ọdún 10 sí i láyé.

Dókítà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Iṣẹ́ obìnrin náà, ojoojúmọ́ ni, nídìí àwo oúnjẹ. Bó sì ṣe rí títí di òní nìyẹn fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kejì yìí ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé òun ni àwa ará ilé ń bá aláìsàn ṣe, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ wa kì í gbọ́ àlàyé rẹ̀ yanjú kí wọ́n tó fa ẹni wa lé wa lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù.

Ohun tí abẹ gé, àti ohun tó bá a lọ

Ọ̀nà ọ̀fun àgbàlagbà gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 25. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀fun, ó gba ẹ̀yìn ọ̀nà èémí sọ̀ kalẹ̀ nínú àyà, ó sì parí sí àpòlúkù, ìyẹn àpò tí oúnjẹ ń kọ́kọ́ dé sí nínú ikùn. Bí wọ́n bá gé èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ní láti fi nǹkan rọ́pò. Ní ọdún 1933, Tohru Ohsawa ní Japan ròyìn bí òun ṣe fa àpòlúkù gòkè wọ inú àyà, tí òun sì rán an mọ́ ìyókù ọ̀nà ọ̀fun. Ní 1946, Ivor Lewis, ọmọ ilẹ̀ Wales, ṣàlàyé ọ̀nà tirẹ̀: wọ́n á kọ́kọ́ la ikùn, lẹ́yìn náà wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọ àyà. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe iṣẹ́ abẹ náà káàkiri ayé. Lónìí, àwọn dókítà á gé àpòlúkù tẹ́ẹ́rẹ́ kó lè di òpó, wọ́n á fà á gòkè, wọ́n á sì rán an mọ́ èyí tó kù lókè. Àwọn kan ń gba ojú ihò kéékèèké ṣe é dípò kí wọ́n la àyà gbayawu, ṣùgbọ́n bí inú aláìsàn ṣe máa rí lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan náà ni.

Ẹ wo ohun tó lọ. Àpò tó ti ń gba odidi àwo iyán tẹ́lẹ̀ ti di òpó tóóró. Ilẹ̀kùn ẹran ara tó wà láàárín ọ̀nà ọ̀fun àti àpòlúkù, tí kì í jẹ́ kí omi kíkan inú ikùn ru sókè, ti bá abẹ lọ. Iṣan tí wọ́n ń pè ní vagus, tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ bá àpòlúkù pé kó po oúnjẹ kó sì tì í sísàlẹ̀, wọ́n sábà máa ń gé e, nítorí ara ọ̀nà ọ̀fun gan-an ló lẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ sì tún kan ebi fúnra rẹ̀. Ní 1999, Masayasu Kojima, Kenji Kangawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Japan ṣàwárí èròjà kan tí wọ́n sọ ní ghrelin. Àpòlúkù ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló sì ń sọ fún ọpọlọ pé àsìkò oúnjẹ tó. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, ghrelin inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀, ó sì lè pẹ́ kó tó gòkè padà.

Nítorí náà, bí bàbá yín bá ní, "Ebi kò pa mí," ẹ gbà wọ́n gbọ́. Wọn kò ṣe agídí, wọn kò sì kọ ẹ̀mí ara wọn sílẹ̀. Ohun tó ń kéde ebi nínú ara wọn ni ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Bí a bá dúró di ọjọ́ tí ebi máa pa wọ́n kí a tó gbé oúnjẹ wá, wọ́n á gbẹ mọ́ wa lójú. Gbogbo ohun tí mo ní í sọ dá lórí èyí: lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọ̀nà ọ̀fun, aago ló ń pe ènìyàn sí oúnjẹ. Oúnjẹ ti di oògùn tó ní wákàtí tirẹ̀, tí a kì í bi aláìsàn léèrè bóyá ó wù ú kí a tó fún un.

Ó ti rù kó tó dé orí tábìlì

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún, àìjẹun ti bá wọn fínra tipẹ́. Bí àrùn náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Á kọ́kọ́ jẹ́ pé ẹran tàbí iyán ń há wọn láyà, wọ́n á sì máa fi omi tì í. Nígbà tó bá yá, ẹ̀kọ mímu nìkan ló ń lọ. Bó bá tún pẹ́ sí i, omi gan-an á di ìṣòro. Nílé, ẹnì kan á ní ọgbẹ́ inú ni, ẹlòmíràn á ní ọwọ́ ayé ni, oṣù á sì máa gorí oṣù. Ní ọdún 2022, ìṣirò àjọ IARC, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn 511,000 ni àrùn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lágbàáyé, nǹkan bí 445,000 sì kú. Nílẹ̀ Áfíríkà, apá ìlà-oòrùn àti gúúsù ló ti ń jà jù, láti Ethiopia àti Kenya dé Malawi, títí dé Eastern Cape ní South Africa. Ní ọsibítù Tenwek ní Bomet, ní Kenya, ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń pẹ́ dé débi pé òpó onírin kékeré tó ń là fúnra rẹ̀ nínú ọ̀fun ni wọ́n ń fi sí i fún wọn, kí wọ́n lè rí nǹkan gbé mì. Kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa tó jẹjẹrẹ ọmú, ṣùgbọ́n ó wà, pípẹ́ dé ọsibítù náà sì wà.

Ẹni tí àrùn rẹ̀ ṣì ṣeé gé ti rí àánú gbà. Síbẹ̀, àwọn oògùn jẹjẹrẹ, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìtànṣán, ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ gbà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí abẹ tó dé, àwọn yìí sì máa ń sọ ẹnu di kíkorò, wọ́n máa ń mú kí òórùn ọbẹ̀ máa rínni lára. Nígbà tí abẹ bá fi máa parí, owó inú àpò ara ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìwádìí ní àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń tọpa àwọn aláìsàn wọn fi hàn pé ó lé ní ìdajì wọn tó máa ń pàdánù ju ìdá mẹ́wàá ìwọ̀n ara wọn lọ láàárín oṣù mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó wọn kílò 70 á bá ara rẹ̀ ní 63 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí bíbọ́ aláìsàn ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ abẹ, kí ẹbí sì béèrè fún un bí ẹnikẹ́ni kò bá dárúkọ rẹ̀.

Rọ́bà inú ìfun

Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, aláìsàn kì í fi ẹnu jẹ ohunkóhun, kí ojú ibi tí wọ́n rán lè jinná. Ọ̀pọ̀ dókítà máa ń ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba awọ ikùn wọ inú ìfun kékeré, oúnjẹ olómi tí wọ́n ti pò pọ̀ fún un ni wọ́n á sì máa rọra ṣàn síbẹ̀, lóru lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà tí ó bá ń sùn. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé rọ́bà yìí délé, tí wọ́n sì ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Mo mọ̀ pé ojú rẹ̀ ń ba ẹbí lẹ́rù. Kí ẹ̀rù má bà yín. Rọ́bà yìí ló ń gbé agbára dúró nígbà tí ẹnu ṣì ń kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó ní òfin tirẹ̀ ṣá o. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fi kàn án. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan inú rẹ̀ ṣáájú oúnjẹ àti lẹ́yìn oúnjẹ, kó má bàa dí. Ẹ má da ògì tàbí ọbẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ má sì lọ oògùn kankan sí i láìjẹ́ pé nọ́ọ̀sì sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá yọ jáde, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la: ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí ojú ihò náà lè pa dé láàárín wákàtí mélòó kan.

Ní ti ẹnu, ó ní àtẹ̀gùn tí ó ń gùn. Omi fífà díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣáájú, lẹ́yìn náà oúnjẹ olómi, lẹ́yìn náà ohun tó kúnná bí ògì, lẹ́yìn náà oúnjẹ rírọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Dókítà ló ń sọ ìgbà tí a ó tẹ èyí tó kàn. Ẹni tó bá sáré fo ọ̀kan ni oúnjẹ ń há.

Ilé ìdáná wa

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa Yorùbá jù nìyí. Oúnjẹ wa tó gbayì jù, ọkèlè ni, a kì í sì í rún ọkèlè lẹ́nu. A ń gbé e mì ni. Láti kékeré ni a ti kọ́ bí a ṣe ń yí iyán sínú ọbẹ̀ tí a ó sì jẹ́ kó lọ. Òpó tuntun inú àyà kò lè gba irú rẹ̀ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Kò lágbára láti tì í, ojú ìrán sì tóóró. Iyán àti ẹ̀bà tó le máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Búrẹ́dì rírọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde náà máa ń di ìṣù kan, á há. Pọ̀nmọ́, ṣàkì àti ẹran màlúù tó yi, ó di ọjọ́ iwájú.

Nígbà tí dókítà bá gba ọkèlè láyè, kó jẹ́ àmàlà tó rọ̀ dáadáa pẹ̀lú ewédú, kí ọkèlè kọ̀ọ̀kan má sì ju ẹyọ ẹ̀wà méjì lọ. Gbogbo ohun tí eyín lè rún ni kí eyín rún títí yóò fi kúnná bí ògì. Ẹni tó jẹ́ pé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa ń pa àwo mọ́ ní láti kọ́ bí a ṣe ń lo ìdajì wákàtí lórí àwo kékeré. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kán an lójú.

Ohun tó ń kọ́ iṣan àti ẹran ara padà ni àwọn oúnjẹ bí ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, wàrà àti ẹran. Purotéènì ni èròjà inú wọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, àwọn onímọ̀ oúnjẹ sì sábà máa ń wá gíráàmù 1.2 sí 1.5 rẹ̀ lójúmọ́ fún kílò ara kọ̀ọ̀kan. Fún ẹni tó wọn kílò 60, ìyẹn á jẹ́ gíráàmù 72 sí 90. Ẹyin kan kò ní ju nǹkan bíi gíráàmù mẹ́fà lọ. Ẹ lè fojú inú wo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, pàápàá fún ẹni tí ṣíbí mẹ́wàá ti yó.

Ògì lásán kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ohun tó pọ̀ jù nínú ife ògì kan ni omi, èyí tó kù kò sì ju ìyẹ̀fun àgbàdo lọ. Síbẹ̀ ògì ló ń rọ́nà kọjá, nítorí náà a ó fi nǹkan sí i nínú. Ẹ lo mílíìkì oníyẹ̀fun tàbí wàrà sóyà dípò omi. Ẹ po ẹ̀pà tí ẹ ti sun tí ẹ sì lọ̀ kúnná sí i, bí kò bá ṣe ohun tí ara rẹ̀ kọ̀. Ẹ lu ẹyin sí i lórí iná, kó sì jinná. Mọ́ínmọ́ín tó rọ̀, tó ní ẹyin àti ẹja nínú, dára ju ọ̀pọ̀ oúnjẹ inú agolo tí a ń ra lówó gọbọi. Gbẹ̀gìrì dára, torí èèpo ti kúrò lára ẹ̀wà rẹ̀. Àsáró tí ẹ ti tẹ̀ kúnná, tí ẹ sì fọ́ ẹja tí kò léegun sí, dára. Wàràkàṣì dára. Ẹ dín ata kù ní oṣù àkọ́kọ́, nítorí ọ̀fun tí omi kíkan ń ru sí kò nílò ohun tó máa dá a lóró sí i.

Àwo ọbẹ̀ kékeré ni kí ẹ lò, ní ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ lóòjọ́, ní wákàtí méjì-méjì tàbí méjì ààbọ̀. Ẹ kọ wákàtí náà sára ògiri, kí ẹnì kan nínú ilé sì máa ṣọ́ ọ. Bó bá ní àyà òun ti ń fún, kó dúró níbẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ẹ́ tán" jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n ṣíbí kan ṣoṣo lórí èyí tó tó lè mú kó bì gbogbo rẹ̀ jáde. Omi náà ní àkókò tirẹ̀: kó mu ún ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú oúnjẹ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, kí omi má gba àyè oúnjẹ, kó má sì tì í sáré wọ inú ìfun.

Mọ́ọ̀tì, gúlúkóòsì àti ara tó ń gbọ̀n

Àwọn àlejò máa ń gbé ẹ̀bùn wá: mọ́ọ̀tì pẹ̀lú mílíìkì "kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀", Lucozade, gúlúkóòsì oníyẹ̀fun, omi èso inú páálí. Inú rere ló ti wá. Lára ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún, ó lè di wàhálà láàárín ìdajì wákàtí. Àpòlúkù tó yẹ kó dá oúnjẹ dúró, kó sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò lè ṣe é mọ́. Ṣúgà á já lulẹ̀ sínú ìfun lẹ́ẹ̀kan náà, ìfun á fa omi láti inú ẹ̀jẹ̀ wá pàdé rẹ̀, inú á máa ru, àyà á máa já, òógùn á bò ó, ìgbẹ́ gbuuru á sì tẹ̀ lé e. Ìyẹn ni ti àkọ́kọ́, láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30 lẹ́yìn oúnjẹ.

Ti èkejì ń dé ní wákàtí kan sí mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ṣúgà tó sáré gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ ti mú kí ara tú insulin tó pọ̀ jù síta, ṣúgà náà á wá já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, ojú á máa ṣú, ó lè dákú. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, kó tètè mu nǹkan dídùn díẹ̀, kó sì jẹ oúnjẹ gidi kékeré lé e. Kí ó má tún wáyé, ẹ fi ohun dídùn sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹyin tàbí ẹja bá ìyẹ̀fun rìn nínú gbogbo àwo, kó sì máa rọra jẹun. Èyí máa ń dínkù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn bí oṣù ti ń gorí oṣù.

Òru náà ṣe pàtàkì. Nítorí pé ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ọ̀fun kò sí mọ́, bó bá sùn gbalaja, omi kíkan àti oúnjẹ lè ṣàn padà wá sí ọ̀fun, kó sì bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Oúnjẹ àṣekẹ́yìn gbọ́dọ̀ ti wọlé ní wákàtí méjì sí mẹ́ta kó tó lọ sùn. Ẹ gbé orí bẹ́ẹ̀dì ga, ẹ lè ki bulọ́ọ̀kù tó dúró dáadáa sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lápá orí. Ìrọ̀rí nìkan máa ń yẹ̀ lóru. Ní ọ̀sán, kó jókòó ṣánṣán fún wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ.

Agbára ń bẹ lẹ́sẹ̀

Oúnjẹ nìkan kì í dá ẹran ara padà. Ẹni tó jẹ purotéènì tó sì dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ara rẹ̀ kò rí ìdí tí yóò fi kọ́ iṣan. Ìdí nìyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń gbé aláìsàn dìde láti ọjọ́ kìíní tàbí èkejì, tí wọ́n sì ń ní kó máa mí kanlẹ̀, kó máa wúkọ́ dáadáa pẹ̀lú ìrọ̀rí lórí ojú abẹ, kí ẹ̀dọ̀fóró má bàa kó omi. Nílé, kó rìn láti yàrá dé pálọ̀, láti pálọ̀ dé ẹnu géètì, kó tún fi òpó iná kan lé e lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kó máa dìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í, ìgbà mélòó kan lójúmọ́. Rírìn díẹ̀ ṣáájú oúnjẹ tún máa ń ṣí ọ̀fun. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Seiji Ozawa, ọmọ Japan tó darí ẹgbẹ́ olórin Boston Symphony láti 1973 sí 2002, kéde ní oṣù Kìíní 2010 pé jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun mú òun, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Nígbà tó padà sórí ìtàgé ní Matsumoto ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, tí ẹ̀yìn tún ń dùn ún, abala kan ṣoṣo nínú orin Tchaikovsky ló lè darí, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní oṣù Kejìlá, ó wà ní Carnegie Hall ní New York, ó darí odidi Symphony Kìíní ti Brahms, tó lé ní ìṣẹ́jú 40. Ẹni ọdún 75 ni nígbà náà. Ìlera rẹ̀ ń lọ ń bọ̀ láti ìgbà yẹn, ó máa ń fagi lé àwọn eré kan, á tún padà wá. Ó kú ní oṣù Kejì 2024, lẹ́ni ọdún 88. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí àwọn tó rò pé ẹni tí wọ́n bá ti gé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti parí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣẹ́jú tí ara rẹ̀ lè gbé, ó sì kọ́ ìyókù lé e.

Ìwọ̀n, ọ̀rọ̀ ẹnu àti ààwẹ̀

Ìwọ̀n ara á máa já fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, lẹ́yìn náà ni ó máa ń dúró. Okun àti ìfẹ́ oúnjẹ sábà máa ń padà díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ọ̀pọ̀ kì í padà sí ìwọ̀n àtijọ́ láé, wọ́n sì wà láàyè, wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn. Ìwọ̀n tó dúró sójú kan ni a ń wá. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lórí òṣùwọ̀n kan náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé ìwé náà dání bí ẹ bá ń lọ rí dókítà.

Nílẹ̀ wa, oúnjẹ ni ọ̀rẹ́ àwọ̀, ara tó sanra ni a fi ń mọ ẹni tí ayé yẹ. Nítorí náà, "Áà, ẹ mà ti rù o!" ni ọ̀pọ̀ àlejò fi ń kí aláìsàn lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ yìí ń gún un. Ẹ gba ẹnu àlejò kí wọ́n tó wọlé. Bákan náà, ẹ má yà á sọ́tọ̀ nídìí oúnjẹ. Kó jókòó pẹ̀lú ẹbí, pẹ̀lú àwo kékeré tirẹ̀, kí ọ̀rọ̀ sì máa lọ lórí ohun mìíràn yàtọ̀ sí iye tó jẹ. Bí ìbànújẹ́ bá wá dì mọ́ ọn débi tí kò fẹ́ rí ènìyàn, àìsàn nìyẹn náà, ó ní ìtọ́jú.

Ààwẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó gbọ́dọ̀ jẹun ní wákàtí méjì-méjì kò lè gbààwẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Àlùkùránì fúnra rẹ̀ yọ aláìsàn sílẹ̀ nínú ààwẹ̀ Ramadan. Ẹ̀yin pásítọ̀ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ọ̀nà àdúrà mìíràn fún un. Ní ti àgbo àti ọtí kíkorò tí wọ́n ní ó ń ṣí ọ̀fun, ẹ fi lé dókítà lọ́wọ́ kí ẹ tó fi lé aláìsàn lẹ́nu. Ọtí àti sìgá wà lára ohun tó ń fa àrùn náà. Wọn kò gbọdọ̀ padà sínú ilé. Tíì àti ògì tó ń jó ahọ́n náà, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ìgbà tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la

Bí oúnjẹ tó ti ń lọ dáadáa bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í há, ó ṣeé ṣe kí ojú ìrán ti fún. Kì í ṣe dandan pé jẹjẹrẹ ló padà. Àwọn dókítà lè gba ẹnu ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ oníkámẹ́rà wọlé, kí wọ́n sì fẹ ojú náà, wọ́n sì lè tún un ṣe bó bá tún fún. Ìgbẹ́ tó ń léfòó, tó ń dán bí ohun tí a ta òróró sí, fi hàn pé ọ̀rá oúnjẹ kò dà nínú. Oògùn kan wà tí a ń gbé mì pẹ̀lú oúnjẹ fún un. Kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún èròjà irin àti fítámì B12, nítorí àpòlúkù tí wọ́n ti gé kì í ran ara lọ́wọ́ láti gbà wọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ibà bá dé pẹ̀lú ìrora àyà, bí èémí bá ń kúrú, bí ó bá bì léraléra, bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí omi gan-an kò lọ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀. Kí ni yóò máa jẹ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àti lẹ́yìn oṣù kan? Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé nǹkan ò lọ déédéé? Nọ́ńbà ta ni a ó pè lóru? Bí ọsibítù bá ní onímọ̀ oúnjẹ, ẹ má kúrò láìrí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ra àwo kékeré, ẹ so aago mọ́ ògiri, kí ẹbí sì pín wákàtí náà láàárín ara wọn, kó má bàa já lé ìyàwó tàbí ọmọbìnrin kan ṣoṣo léjìká. Ẹni tí abẹ ti gbà lọ́wọ́ jẹjẹrẹ, ẹ má jẹ́ kí àìmọ̀ bí a ṣe ń bọ́ ọ gbà á lọ́wọ́ wa.